Wáyà Tí Kò Sí Nínú Bàálù

"Bàbá, ẹ má mira."

Abẹ ti wà lọ́rùn arúgbó náà. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń fá irùngbọ̀n fún un, nítorí àìsàn ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti mọ́, ọṣẹ ṣì wà ní ti òsì.

"Bí abẹ bá gé yín, ọmọ yín á ní mo fẹ́ jogún ilé."

"Ilé wo? Èyí tó ń jò yìí?" Arúgbó náà kò rẹ́rìn-ín. "Dúró ná. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ìwọ kọ́ lo mú bàálù yẹn já lulẹ̀. Èmi ni."

Abẹ dúró. Awakọ̀ bàálù ogun ni ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀. Bàálù rẹ̀ gbá òkè nínú kùrukùru, òun fúnra rẹ̀ ti fò jáde kó tó gbá a, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Wọ́n ní ó sùn nídìí iṣẹ́, wọ́n já àmì awakọ̀ kúrò láyà rẹ̀. Olóorun ni àdúgbò ń pè é títí dòní.

Arúgbó náà ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú yàrá ìdánwò tó ti ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń to gbogbo ẹ̀rọ bàálù sórí tábìlì gígùn, wọn a so wọ́n pọ̀, wọn a tàn wọ́n jẹ bí ẹni pé òfurufú ni wọ́n wà. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yè kooro. Àmọ́ bí wọ́n bá ti tẹ rédíò láti sọ̀rọ̀, aago tó ń sọ bí bàálù ṣe ga tó a dúró sójú kan. Ó fi wáyà kan so aago náà mọ́ irin ẹsẹ̀ tábìlì, aago sì gbọ́ràn. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun tí kò bá sí nínú bàálù gan-an, kí wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, kó má bàa di ìgbàgbé. Ó so ó. Nígbà tí àwọn ológun ń bọ̀ wá wo ìdánwò, ọ̀gá rẹ̀ sọ sí i létí pé, "Àgbà oníṣẹ́, ṣé àkísà yìí ni kí àlejò bá lára iṣẹ́ wa?"

"Mo tú aṣọ náà, mo fi wáyà sílẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá lọ tán, màá wá àtúnṣe. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́, ojú tì mí láti sọ̀rọ̀. Tábìlì ní wáyà, bàálù rẹ kò ní."

"Mo sọ fún wọn," ni ọkọ ọmọ rẹ̀ wí. "Mo ní bí mo ṣe ń fi rédíò bá àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ni aago dúró."

"Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí bi mí bóyá aago yẹn ṣe bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ wa. Ò ń wò mí lójú. Mo ní kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Gògóńgò rẹ̀ lọ sókè lábẹ́ abẹ, ó bọ̀. "Wáyà yẹn, ojo ló mú mi ṣe é. Èyí, ìkà ni. O tún wá fẹ́ ọmọ mi. Ò ń pè mí ní bàbá. Bí o bá lè dárí jì mí, jọ̀ọ́. Bí o ò bá lè, mo gbà."

Ọkùnrin náà nu abẹ, ó gbé e sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí ìdáríjì dúró ná, Bàbá." Ó gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọṣẹ, ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn. "Ẹ tún un sọ. Ẹ dárúkọ ara yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀."

Arúgbó náà dárúkọ ara rẹ̀. Kò fo ohunkóhun. Nígbà tó débi aṣọ pupa, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ wà nídìí tábìlì yẹn, ẹ má tú u nítorí àlejò."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ mú fóònù, ó tiro jáde lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ológun. Ọṣẹ gbẹ mọ́ àgbọ̀n arúgbó náà. Irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ òsì ṣì wà níbẹ̀.