Ìkarahun Ìgbín tí Mo Pò mọ́ Amọ̀ Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi. Ìyá tó bí ìyá ìyàwó mi ti fọ́ lójú kan, èkejì sì ti ń ṣú. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyẹn.

Màmá yìí nìkan ló kù tó ń mọ ìkòkò ní ìlú wọn lórí òkè, lọ́nà Ṣakí. Ọ̀dọ̀ wọn ni Àṣàbí ìyàwó mi dàgbà sí, tó sì ń kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, Màmá ò jẹ́ kó bá mi wá sí Agbowó, níbi tí mo ti ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ fún àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ní ó di ìgbà tó bá mọ iṣẹ́ náà délẹ̀. Bí mo bá lọ, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ilé.

“Ọkọ ìwé dé! Ṣé bébà lo fẹ́ kí ọmọ mi máa sè jẹ?”

Màá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Ní ọdún kejì, wọ́n ti yunifásítì pa, kò sí iṣẹ́, mo bá lọ jókòó sọ́dọ̀ wọn. Ìgbà yẹn ni Màmá gbà kí Àṣàbí nìkan mọ àmù omi mẹ́fà fún obìnrin ọlọ́jà kan láti Bódìjà. Mo ti gbọ́ lẹ́nu Màmá pé bí ìkarahun ìgbín bá wọnú amọ̀, ìkòkò á jáde nínú iná dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá yá, ara rẹ̀ á máa bó. Wọ́n máa ń ṣa amọ̀ bí ẹní ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn méjèèjì lọ ṣẹ́gi, mo fọ́ ìkarahun wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, mo ṣí àpò tí Àṣàbí fi bo amọ̀, mo pò ó mọ́ ọn. Mo rò pé tí iṣẹ́ bá bàjẹ́, á sú Màmá, wọ́n á yọ̀ǹda ìyàwó mi. Mi ò ro ohun tó kù.

Nígbà tí wọ́n sun àwọn àmù náà tán, Màmá fi ìka kàn wọ́n, ó dún bí irin. Wọ́n gbá Àṣàbí mọ́ra. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin ọlọ́jà gbé àpáàdì dé nínú àpò.

“Màmá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ yín! Ó ń bó bí ara alángbá. Díẹ̀ ló kù kí àwọn oníbàárà ya aṣọ mọ́ mi lára!”

Màmá wo àpáàdì, wọ́n rí ohun funfun nínú rẹ̀.

“Ìgbín! Àṣàbí, mo ní kí o ṣa amọ̀, ọkọ lò ń rò!”

“Ìyá, mo ṣà á! Mo fi Ọlọ́run búra!”

“Òpùrọ́! Ọ̀lẹ! Má fọwọ́ kan amọ̀ mi mọ́ láyé. Máa tẹ̀lé ọkọ ìwé rẹ lọ!”

Mo wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Èmi gan-an ni mo ní kí Àṣàbí kúnlẹ̀, kó gbà pé òun jẹ̀bi. Ó wò mí, ó sì kúnlẹ̀.

Bí mo ṣe gba ìyàwó mi nìyẹn. Láti ìgbà náà, òun àti Màmá ò kí ara wọn. Èlùbọ́ tí Màmá fi ránṣẹ́ nígbà tí a bímọ, Àṣàbí dá a padà. Ó ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀lẹ kì í jẹun.” Màmá náà ń sọ kiri pé ọmọ òun ló ba òun lórúkọ jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò Àṣàbí wá sọ pé Màmá ń wá ẹni tí wọ́n máa kọ́ níṣẹ́ kí ojú kejì tó lọ, wọn ò rí. Àṣàbí ní, “Kí wọ́n kọ́ ògiri níṣẹ́.” Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Tí mo bá jẹ́wọ́, mo mọ̀ pé á gbé ọmọ pọ̀n, á padà sórí òkè, mi ò sì ní rí i mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ. Màá sọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì tí mo sọ di ọ̀tá ara wọn yìí, ẹsẹ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ dì mú?