Ike Tí Mo Dá Padà Sínú Ààrò

Oskari àbúrò mi, jókòó. Raija, ìwọ náà má dìde o. Dókítà ní ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù ò sì bà mí. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí ohunkóhun ò ti dùn mí tàbí kó pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi, mo fẹ́ tú u síta kí n tó lọ.

Oskari, o mọ ìkọ́ irin tó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ ojú omi yín mú, èyí tí mọ́tò ń gbà wọlé. Èmi Urho ni mo ya bó ṣe máa rí. Raija tí mo kọ́ níṣẹ́ ló fi ike tó mọ́ gaara ṣe kékeré rẹ̀, ó gbé ẹrù kọ́ ọ, ó tì í sínú ààrò. Bí ike náà bá tutù tán, ìnira ẹrù yẹn á há sí i lára. A ó tan iná àkànṣe sí i, àwọn ìlà aláràbarà á yọ, kámẹ́rà á yà wọ́n, kọ̀ǹpútà á kà wọ́n. Ibi tí ìlà bá ti fún pọ̀ ni irin gan-an ti máa là.

Kọ̀ǹpútà ka ìlà mẹ́rìnlá ní igun ìkọ́ náà. Raija, o sáré wá bá mi nídìí kọfí. “Ọ̀gá, igun yìí mú jù. Ẹ jẹ́ ká tún un yà kí wọ́n tó rọ ọ́.”

Mo ní, “Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́ gan-an?”

“Ẹ̀yin náà ni, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ó mú jù.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín lásán ló bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀!

Nígbà tí gbogbo yín lọ sí ilé etí adágún fún àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn, mo dá ike náà padà sínú ààrò láìgbé ẹrù kankan kọ́ ọ. Ooru tú gbogbo ìnira ara rẹ̀. Mo jẹ́ kó tutù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo yà á, kò sí ìlà kankan. Mo wá jókòó, mo jẹ búrẹ́dì ráì àti ẹja. Mo pa àwòrán ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, àmọ́ mo tọ́jú ẹ̀dà kan sílé. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣe é.

Nígbà tí ẹ dé, mo fi àwòrán tuntun han gbogbo yàrá. Raija, o ní, “Ọ̀gá, ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i!” Mo ní kó o lọ ra awò ojú. Wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ títí o fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kejì, ìkọ́ já, ilẹ̀kùn sì wó pa Pentti ọ̀rẹ́ Oskari. Oskari, ìwọ lo wà nídìí ọ̀pá tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọn tó ń ṣèwádìí béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ìkọ́ náà lágbára, mo gbé àwòrán tí kò ní ìlà jáde. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwánwára rẹ ló fà á.

Mo rò pé ìyẹn ló burú jù. Irọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé tá a bá jọ wà nínú ilé ooru tá a ti ń wẹ̀, wàá na ọwọ́ ọ̀tún rẹ, wàá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yìí ló pa ọ̀rẹ́ mi.” Èmi á bu omi sórí òkúta gbígbóná, màá ní, “Gbàgbé ẹ̀ jàre.” Fún ọdún méjìlá! Irú èèyàn wo nìyẹn?

Raija, àwòrán àkọ́kọ́ ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ka ìlà náà fún un, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ foríjì mí tẹ́ ẹ bá lè ṣe é. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n Oskari, wo igun yìí dáadáa. Ibẹ̀ ló ti là. Ọwọ́ rẹ mọ́.