Ọdún Tí Bàbá Àgbà Yín Kọ̀ Láti Fọwọ́ Sí Ìṣirò Ọkọ̀ Ojú Omi

Ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Mákùn-Omi, ìyàwó tuntun ni mí, n kò tíì mọ omi í wò. Ọmọ Awà ni mí, ẹ ṣáà mọ̀. Oko la mọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n gbé mi dé ibi tó jẹ́ pé téèyàn bá yọjú láti inú ilé, omi ló máa kọ́kọ́ rí… Bùkọ́lá, o ní kí n sọ ohun tó mú kí bàbá àgbà yín máa sọ pé iṣẹ́ ìṣirò owó kì í ṣe iṣẹ́ eré. Ìwọ tó ò ń kọ́ ọ ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè níbí, ó yẹ kó o gbọ́ ọ. Ẹ̀yin yòókù, ẹ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n yẹn wálẹ̀. Ẹ gbọ́.

Lónìí, ẹ máa wọ mọ́tò ní Abígí, ẹ ó kàn tòògbé díẹ̀, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Nígbà tiwa ńkọ́? Omi ni títì. Tó o bá fẹ́ ta gàrí l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ọkọ̀ ojú omi. Tó o bá fẹ́ gbé aláìsàn, ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, Bàbá Káyọ̀dé, òun ló kó àwọn ará ìlú jọ pé kí wọ́n dáwó ra ọkọ̀ ńlá kan, ọkọ̀ onípákó tó ní ẹ́ńjìnnì. Apẹja dá sí i, oníṣòwò dá sí i, àwọn opó pàápàá dá tiwọn. Bàbá Káyọ̀dé ni alága. Ọkọ mi ni akọ̀wé tó ń ṣírò owó. Ta ló sì rán ọkọ mi lọ sílé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ ìṣirò yẹn? Bàbá Káyọ̀dé náà ni. Ó ta ẹja, ó fi rán àbúrò rẹ̀ níwèé. Ẹ má gbàgbé ìyẹn o, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti le.

Tí ọdún bá parí, gbogbo àwọn tó dáwó á pé jọ síwájú ilé Bàbá Káyọ̀dé. Ọkọ mi á dìde, á wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà, á ka ìṣirò sókè. Èyí tó wọlé rèé. Èyí tó jáde rèé. Èyí tó kù rèé. Ìyá arúgbó tí kò mọ "a" á jókòó, á máa mi orí, torí pé èdè wa ló fi ń kà á. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń dààmú ara rẹ̀ báyìí, ṣebí ará ilé kan náà ni gbogbo wọn. Ó ní, "Dọ̀káàsì, ìyá yẹn kò wọ ọkọ̀ náà rí. Kò mọ ẹni tó ń wà á. Ohun tí mo bá kà ni ó fi ń rí ọkọ̀ rẹ̀."

Wọ́n pín èrè lọ́dún kìíní. Wọ́n pín èrè lọ́dún kejì. Àwọn èèyàn ra páànù, wọ́n ra kẹ̀kẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi ní kí wọ́n máa yọ díẹ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó pín. Ó ní, "Igi ni ọkọ̀. Inú omi ló ń gbé. Ó ń gbó lójoojúmọ́, gbígbó yẹn sì jẹ́ owó tó ń jáde, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí i."

Obìnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ọkọ̀ náà fẹ́ ra aṣọ ọdún ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín? Bàbá Káyọ̀dé gan-an rẹ́rìn-ín. Wọ́n pín gbogbo ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún ni ọkọ mi ń sọ ọ́, lọ́dọọdún ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ó wá di ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Omi ń jò wọnú ọkọ̀, àwọn ọmọ ọkọ̀ ń fi garawa gbọ́n ọn dànù. Owó tó ń wọlé lọ sílẹ̀. Bàbá Káyọ̀dé wá gbọ́ nípa obìnrin olówó kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àlàájà kan tó ní ilé ìlagi, tó ń wá ibi tó máa fi owó sí. Ó ní òun fẹ́ kó wọ inú òwò náà. Àlàájà ní kò burú, kí wọ́n fi ìṣirò ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sí òun.

Ọjọ́ Ìsinmi ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ mi ò tíì bọ́ ẹ̀wù funfun, ni Bàbá Káyọ̀dé wọlé. Ó ní, "Jósáyà, kọ ọ́ pé iye tí a ra ọkọ̀ náà ni ó ṣì tó títí dòní. Má ka ti àtúnṣe sí i. Má ka ti ẹ́ńjìnnì sí i."

Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ rán mi níṣẹ́ mìíràn. Ẹ ní kí n wá ro oko yín láti ìdí dé òkè, n óò ro ó. Èyí, n kò lè fọwọ́ sí i."

"Ùwọ Jósáyà! Owó ta lo fi kọ́ ìṣirò?"

"Owó yín ni, sà."

"Èmi lo wá ń ṣe báyìí sí?"

Ọkọ mi wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Bàbá Káyọ̀dé fi jáde. Bàbá Káyọ̀dé wá ẹlòmíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìgboro, ìyẹn kọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ọkọ̀ náà ò gbé ẹrù mi mọ́. Mo máa kó gàrí dé èbúté, wọ́n á ní ọkọ̀ ti kún, èmi sì ń fojú ara mi rí àyè. Mo dé ilé, inú ń bí mi, mo ní, "Bàbá Fúnmi, kí la ó máa jẹ?" Ó jókòó. Ó wá ní, "Owó àwọn ọmọ rẹ̀ ni obìnrin yẹn máa kó wá. Kò mọ Mákùn-Omi. Tí n bá purọ́ fún un, níbo ló máa gbà mọ̀?"

Ẹ gbọ́, Àlàájà dé. Obìnrin kúkúrú, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó wo ìwé tí wọ́n gbé fún un. Ó ní, "Ó dáa. Ṣé ẹni tó kọ ìwé yìí ló ti ń ka ìṣirò fún yín látìbẹ̀rẹ̀?" Wọ́n ní rárá o. Ó ní, "Ta ni?" Ìyá arúgbó kan ló nawọ́ sí ilé wa.

Bó ṣe wọlé wá nìyẹn. Mo gbé omi fún un. Ó ní, "Akọ̀wé, kí ló dé tí kì í ṣe ìwọ lo kọ ìwé yìí?"

Ọkọ mi ní, "Àlàájà, ẹ̀gbọ́n mi ni alága. N kò ní bà á lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni pákó. Ẹ ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà gòkè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀."

Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ọjà. Wọ́n ti ń di ẹrù sílẹ̀ l'ébùúté. Àwọn ọkùnrin fa ọkọ̀ náà gun iyanrìn. Àlàájà ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan nínú báàgì, ó tì í bọ pákó ìdí ọkọ̀ náà. Ọ̀bẹ yẹn wọlé bí ìgbà tí wọ́n fi gún iṣu sísè. Ó tì í bọ ibòmíràn. Ó tún wọlé. Omi dúdú ń ṣàn jáde níbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé ìyá yín pọ̀n… inú ọkọ̀ tí àwa àti àwọn ọmọ ọwọ́ ń wọ̀ ni o!

Àlàájà nu ọ̀bẹ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ò pín èrè o. Ọkọ̀ lẹ ń pín jẹ látọjọ́ yìí."

Bàbá Káyọ̀dé jókòó sórí iyanrìn. Àgbàlagbà, alága! Ó jókòó bí ọmọdé. Obìnrin tó ní ṣé ọkọ̀ fẹ́ ra aṣọ ọdún, ẹkún ló bú sí, torí ọkọ̀ yẹn ló ń gbé ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ilé ìwé.

Ẹ má rò pé gbogbo nǹkan dáa lójú ẹsẹ̀. Rárá. Àlàájà ò mú owó jáde lọ́jọ́ yẹn. Ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n tú ọkọ̀ náà, a fi pákó tó kù dáná. Àwọn opó pàdánù. Bàbá Káyọ̀dé ò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Tí wọ́n bá pàdé lọ́nà, ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ó dùn ún. Mo máa ń rí i bó bá wọlé.

Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Àlàájà ránṣẹ́. Ó ní òun máa gbé pákó sílẹ̀ fún ọkọ̀ tuntun, kékeré, tí akọ̀wé bá padà sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá sì ń yọ owó gbígbó ọkọ̀ sẹ́yìn kí wọ́n tó pín nǹkan kan. Wọ́n gbà. Ọdún kìíní, òfò la ṣe. Ọkọ mi dìde, ó kà á. "A ṣòfò." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kà á, kò dín in kù. Ẹnìkan ò rẹ́rìn-ín. Ìyá arúgbó kan ló wá béèrè pé, "Akọ̀wé, níbo lòfò náà ti wá?" Ó ṣàlàyé pé ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ máa ń lọ lófìfo, epo ló ń jẹ. Wọ́n ní kó má lọ mọ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kejì, a jèrè. Èrè tòótọ́.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Káyọ̀dé wólẹ̀, ó ní kí wọ́n pe ọkọ mi. Ó ti gbẹ. Ó ní, "Jósáyà, ṣírò ohun tí mo ní fún àwọn ọmọ mi. Kà á lójú mi. Gbèsè tí mo jẹ náà, kà á." Ọkọ mi kà á fún un. Àwọn ọmọ yẹn ò jà sí ogún títí dòní. Ẹ lọ bi wọ́n.

Ó ṣe… Ayé ti yí. Ẹ̀rọ ló ń ṣírò báyìí, ó ń yára ju ọkọ mi lọ. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ lórí rédíò. Ilé iṣẹ́ á ní òun jèrè, wọ́n á ya fọ́tò, kó tó pẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ á dúró síta. Mo máa ń mi orí ni. Bùkọ́lá, ẹni tó máa ka ìwé tó o bá kọ, kò ní sí níbẹ̀. Kò mọ̀ ẹ́. Ó kàn gbà ẹ́ gbọ́ ni. Máa rí i lójú ara rẹ kó o tó fọwọ́ sí i.