Máìkì Tó Ń Dúró De Àbúrò Mi Nínú Iná

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú pé ìjókòó ni mo ti máa sọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo sùn sí lọ́sàn-án àná, orúnkún mi ṣì ń ro mí, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé pamọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ Kọ́lá, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, tó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Nígbà tó gba ìwé ọmọ ìlú níbí, nínú ìjọ yìí la ti jọ jó. Ẹ sì mọ ìbò ilé aṣòfin Yúróòpù tó ń bọ̀ yìí, tí gbogbo ògiri ìlú Nápólì ní Ítálì níbí kún fún àwòrán olóṣèlú. Ẹgbẹ́ kan ní àwọn máa lé àwọn tó gba orí òkun wọlé, àwọn á pa owó yúrò tì, àwọn á dá lírà ayé àtijọ́ padà, oúnjẹ á sì pọ̀. Kọ́lá ni wọ́n fẹ́ gbé sórí pèpéle lọ́la, kó sọ ọ́ nínú máìkì pé òótọ́ ni, kí wọ́n lé wọn, kí aráyé lè rí i pé dúdú pàápàá gbà bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ẹnu mi fi bó. Ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí mi, bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n dànù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé àwọn yòókù, kí wọ́n fi tiwa sílẹ̀." Inú bí mi gan-an. Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án àná, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ka sáàmù, mo ń dárúkọ Kọ́lá níwájú Ọlọ́run títí oorun fi gbé mi lọ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. Màmá Róósà ni, arúgbó òyìnbó tí mo tọ́jú títí ó fi kú. Nígbà ayé rẹ̀, "jọ̀ọ́" nìkan ló gbọ́ nínú Yorùbá, ṣùgbọ́n lójú ìran yìí, ṣe ló ń sọ ọ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọ̀nà jìn."

Òkè olókùúta kan tó ń rú èéfín la kọ́kọ́ dé. Mo rí àwọn olórí orílẹ̀-èdè nínú kóòtù àti táì, okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so gbogbo wọn nídìí. Àwọn alágbára ń sáré gòkè, àwọn tó yarọ ń fi àyà wọ́ lórí òkúta tẹ̀lé wọn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Bí àwọn tẹ̀yìn bá ti ṣubú, okùn á fún àwọn tó wà níwájú náà títí ahọ́n wọn á fi yọ síta.

Màmá Róósà ní, "Owó kan náà, yúrò yẹn, ni wọ́n fi so ara wọn pọ̀ láyé. Àwọn aláìlera parọ́ nípa bí àpò wọn ṣe rí kí wọ́n lè wọ inú okùn. Àwọn alágbára mọ̀, wọ́n dákẹ́, torí ọjà wọn ń tà. Nígbà tí ìṣòro dé, wọ́n ní ọ̀lẹ ni àwọn yòókù. Àwa arúgbó la jìyà rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì wa ni wọ́n gé."

Kó tó dákẹ́ ni mo gbọ́ ariwo, mo wo iwájú, mo rí pápá tí kò lópin, mo rí pèpéle irin tó pọ́n bí ẹyin iná, àwọn asọ̀rọ̀ dúró lórí rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀, ogunlọ́gọ̀ tí wọ́n tàn jẹ ń ké nísàlẹ̀ pé "Búrẹ́dì tẹ́ ẹ ṣèlérí dà? Lírà wa dà?", wọ́n á la ẹnu láti dáhùn, eérú gbígbóná á tú jáde, á bà lé ojú àwọn tó ń bèèrè, wọ́n á tún ké, wọ́n á tún la ẹnu, mo pariwo, mo ní Jésù, Jésù, gbà mí!

Màmá Róósà di ọwọ́ mi mú. "Òótọ́ ni ebi ń pa àwọn èèyàn. Àwọn wọ̀nyí mú òótọ́ yẹn, wọ́n fi irọ́ wé e, wọ́n fi ra ìbò. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

Ṣùgbọ́n ohun tó dẹ́rù bà mí jù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnì kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí tiwa dúró ti asọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di máìkì mú. Iná ni máìkì náà, ó ti lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń jù ú nù, kò já. Wọ́n sì ń pariwo láìsinmi pé, "Èmi yàtọ̀ sí wọn! Èmi yàtọ̀ sí wọn!" Mo wá rí máìkì kan tí kò sẹ́ni tó dì í mú, ó ń pọ́n yòò.

Mo ní, "Màmá, ta ló ni èyí?"

"Kò tíì dé."

Mo ti mọ̀. Mo sáré sí i, mo ní kí n gbà á mú fún ọmọ ìyá mi, kí wọ́n fi mí dípò. Ó fà mí padà. "Ọwọ́ tìrẹ kọ́ ló ń dúró dè. Máa bọ̀."

A gun òkè dé ibi tí atẹ́gùn tutù. Ọ̀gá tó ń ṣọ́ ẹnubodè ò béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ló ń bi wọ́n: "Ta lo ṣílẹ̀kùn fún?" Màmá Róósà nawọ́ sí mi, ó ní, "Mo ṣílẹ̀kùn ilé mi fún ọ. Ohun tó gbà mí nìyẹn." Nínú lọ́hùn-ún, àwọn tí òkun gbé lọ jókòó nídìí tábìlì, aṣọ wọn gbẹ, wọ́n ń sinmi.

Mo rí Sẹ́gun láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ ọ́n. Òun àti Kọ́lá ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kúrò ní Líbíyà. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ́, Sẹ́gun bọ́ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó fi wọ Kọ́lá, omi sì gbé òun lọ. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Kọ́lá ńkọ́? Ṣé ó gúnlẹ̀? Ṣé wọ́n gbà á sílé?"

Ẹkún ni mo sun jí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní káàdì ìdìbò, ẹ má jẹ́ kí ebi bá yín dìbò. Ẹni tó ní òun máa bọ́ ọmọ rẹ, tó ní kó o kọ́kọ́ bá òun ti ọmọ ẹlòmíì sómi, òpùrọ́ ni. Ẹ sá fún un, torí iná wà, mo rí i.

Kọ́lá, mo rí ọ, o ti di ilẹ̀kùn mú. Mi ò ní fà ọ́ láṣọ, o ti dàgbà. Ṣùgbọ́n Sẹ́gun wà lórí ìdúró, ó ń retí èsì, mi ò sì mọ ohun tí mo máa sọ fún un. Yíjú padà, ọmọ ìyá mi, kó o sọ ọ́ fún mi.