Bẹ́líìtì Búráùn Tí Mo Rẹ Láró

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú, ìyàwó mi pàápàá kò gbọ́ ọ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mọ́.

Káfíńtà ni mí ní Ìyànà Ọ̀fà. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kàráté ní pápá ilé ìwé kan ládùúgbò wa. Tíṣà Àgbà ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo dá kíláàsì náà sílẹ̀. Wálé ni, ọmọ Ẹrúnmu. Mo fi ọdún méjìlá jù ú lọ, òun ló sì kọ́ mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ó ṣòro fún mi láti tẹrí ba fún ọmọ tí mo lè rán níṣẹ́. Wálé rí i lójú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Nínú pápá yìí, ẹni tó ṣáájú nínú ẹ̀kọ́ là ń tẹrí ba fún. Tí a bá ti jáde, ẹ̀gbọ́n mi ni yín." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń ṣe. Tí a bá ti parí, á tú bẹ́líìtì dúdú rẹ̀, á ká a, á wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú iyẹ̀pẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́, tó gba ẹ̀kọ́ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló so bẹ́líìtì búráùn, èyí tó kángun sí dúdú ti ọ̀gá, mọ́ mi níbàdí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé àti alága àwọn òbí wá bá wa. Wọ́n fẹ́ fún wa níwèé àṣẹ, kí a lè máa lo gbọ̀ngàn nígbà òjò. Wọn kò mọ ìtumọ̀ bẹ́líìtì. Ewú orí mi ni wọ́n wò. Alága ní, "Ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. Rárá, mo tún fẹ́ parọ́. Ó wù mí ni. Wálé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú àwọn àgbà? Ó tẹrí ba fún mi. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sínú ìwé náà.

Láti ọjọ́ náà, èmi làwọn òbí ń bá sọ̀rọ̀. N kò tọ́ wọn sọ́nà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, Wálé ríṣẹ́ sí Mọ́níyà. Kó tó lọ, ó bẹ̀ mí pé kí n lọ bá ọ̀gá tó kọ́ òun n'Íbàdàn, kí n ṣe ìdánwò bẹ́líìtì dúdú.

N kò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé n kò ní yege. Aró ni mo rà, mo fi rẹ bẹ́líìtì búráùn tí Wálé so mọ́ mi, kó lè di dúdú. Tí mo bá làágùn, aró náà á ṣí sára aṣọ funfun mi. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé pọ́líìṣì ṣọ́ọ̀bù mi ni.

Ní Sátidé tó kọjá, Wálé dé, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání. Ọ̀kadà ti gbá Wálé, igi ló fi ń rìn. Ó ní àwọn ti kó padà wálé, òun fẹ́ kí ọmọ òun máa bá wa kọ́ ọ. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi, orúnkún rẹ̀ kò gbà. Ó wá tẹrí ba. Ojú rẹ̀ bọ́ sí àmì dúdú tó wà níbàdí mi, ó pẹ́ níbẹ̀.

Ọmọ náà bi mí pé, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ dádì mi?"

Kí n tó lanu, Wálé ní, "A jọ kọ́ ọ ni."

Ó ṣì ń bò mí láṣìírí, lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe. Ojú tì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé ti ń bọ̀. Ọmọ yẹn á tẹrí ba fún mi. Ṣé kí n jẹ́wọ́ lójú gbogbo wọn, kí n dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀? Àwọn ọmọ tí mo ti so bẹ́líìtì mọ́ níbàdí ńkọ́, kí ni tiwọn á wá já sí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lánàá, mo fọ bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bóyá á padà di búráùn tí Wálé so mọ́ mi. Kò padà.