Ojú Wíwú Ọjọ́ Kẹrin

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìpéǹpéjú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó wú. Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Ṣebí dókítà ní á kọ́kọ́ wú?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ní kí ojú mi má jọ ti olóorun mọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ní báyìí, kò tiẹ̀ là rárá.

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ̀ ń fi aṣọ tútù lé e?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń sùn, mi ò fẹnu kan iyọ̀. Màmá ló ń bá mi rẹ aṣọ sínú omi yìnyín—

ÀBÚRÒ: Kí ló wá dé tóhùn yín ń gbọ̀n?

Ẹ̀GBỌ́N: Mánéjà àtàwọn ará ọ́fíìsì wa ti wà lọ́nà.

ÀBÚRÒ: Wọ́n fẹ́ wá wo ojú yín?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ojú. Ṣé o gbọ́ mi?

[Ariwo lórí ìlà]

ÀBÚRÒ: Ó ń já. Ẹ sún mọ́ fèrèsé.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ́fíìsì wa kì í fún èèyàn ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, àfi compassionate leave. Àfi tí òbí bá kú. Mo wá… mo kọ lẹ́tà.

ÀBÚRÒ: Ẹ dúró ná. Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti kú.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ti gba ti Bàbá nígbà yẹn.



ÀBÚRÒ: Ẹ pa ìyá wa nítorí ìpéǹpéjú?

Ẹ̀GBỌ́N: Lórí ìwé ni.

ÀBÚRÒ: Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún—

Ẹ̀GBỌ́N: Ogún ọdún kọ́, ọjọ́ kẹrin la wà. Gbọ́. Ojú yìí ò ní wàhálà, wọ́n á ní ẹkún ló wú u. Màmá ni ìṣòro. Tí wọ́n bá rí i, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Pè é, sọ pé ara rẹ ò yá, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kíákíá.

ÀBÚRÒ: Èmi ló wá kàn?

Ẹ̀GBỌ́N: Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, dókítà sì ní n ò gbọdọ̀ sunkún kó má baà tún—

[Agogo ẹnu ọ̀nà dún]

ÀBÚRÒ: Ẹ má jẹ́ kí Màmá ṣílẹ̀kùn o. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ti ṣí i.

[Ohùn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìró ẹsẹ̀ ń sún mọ́]

ÌYÁ: Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ ti dé. Wọ́n ní àwọn wá bá ọ kẹ́dùn ikú ìyá rẹ.

Ẹ̀GBỌ́N: Màmá, ẹ jẹ́ n—

ÌYÁ: Mo ti ní kí wọ́n jókòó. Máa bọ̀ ní pálọ̀, kí èmi náà gbọ́ irú ikú tó pa mí.

ÀBÚRÒ: Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já]