Ara Mi Ni Ìṣòro Wà, Ìyàwó Mi Ló Ń Gbààwẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ojú sì ń tì mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé ìyàwó àbúrò mi ti fẹ́ jẹ irú ìyà tí mo fi jẹ ìyàwó mi.

Tíṣà báyọ́lọ́jì ni mí n'Íjẹ̀bú-Igbó. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé jíìnì, ìyẹn àbùdá tí à ń jogún lára òbí, ló ń darí bí sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ ṣe ń dàgbà lára ọkùnrin, lára àgbò àti òbúkọ pẹ̀lú. Mo mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa.

Nígbà tí a kò tètè rọ́mọ bí, mo yọ́ lọ ṣàyẹ̀wò. Dókítà ní sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í dàgbà débi tó fi lè dọmọ. Jíìnì kan tí mo jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá mi ni kò ṣiṣẹ́. Ó ní bí mo bá ní àbúrò ọkùnrin, kí òun náà wá ṣàyẹ̀wò, ó lè ní irú ẹ̀.

Mo délé, mo jẹun, mi ò sọ ohun tí dókítà rí fún ẹnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé èmi kì í ṣe ọkùnrin.

Ìjọ Aládùúrà là ń lọ ní Japara. Wòlíì ní kí ìyàwó mi wọ ilẹ̀ àánú inú ọgbà ìjọ, kó máa gbààwẹ̀, kó máa sùn sórí iyanrìn níbẹ̀. Èmi ni mo gbé ẹní àti àbẹ́là ẹ̀ débẹ̀. Ó rù, egungun ọrùn ẹ̀ yọ. Lọ́jọ́ tó jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ má bínú pé mi ò tíì fún yín lọ́mọ."

Mo ní mo ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ o, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!

Ní báyìí, Gbénga àbúrò mi, tó ń gbé ní Òjòwò, kò tíì rọ́mọ bí. Ìyá wa ti ní kí ìyàwó ẹ̀ náà wọ ilẹ̀ àánú lọ́jọ́ Àìkú. Ta lẹ rò pé wọ́n ní kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìyàwó mi ni. Ó ti fọ sùtánà funfun sílẹ̀ fún un, ó sá a sẹ́yìnkùlé, ó tiẹ̀ ń kọrin.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbúrò mi ni tàbí ìyàwó mi? Ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn, kí sùtánà yẹn tó gbẹ.